Bí A Ṣe Ń Se Kọfí: Ọ̀nà Méje, Ìwọ̀n Wọn, àti Ohun Tó Máa Ń Bà Á Jẹ́

Ìbéèrè kan náà làwọn òǹkàwé ń bi wá lóríṣiríṣi ọ̀nà: "Kí ló dé tí kọfí tí mo sè fúnra mi fi ń korò?" Ẹlòmíì á ní tòun ń kan. Ẹlòmíì á ní bí omi lásán ló ṣe rí lẹ́nu. Ẹ̀rọ olówó ńlá kọ́ ni ìdáhùn. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se kọfí, nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: omi pàdé kọfí lílọ̀, ó bá a gbé fún ìgbà díẹ̀, ó sì fa adùn rẹ̀ jáde. Bí omi bá pẹ́ níbẹ̀ jù, ìkorò á tẹ̀ lé adùn náà jáde. Bó bá tètè kúrò, kíkan ló máa wà lẹ́nu, torí òun ló kọ́kọ́ máa ń jáde. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ẹ ó lè tún kọfí yín ṣe fúnra yín, ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ máa lò.

Kọfí tí wọ́n ti yan, tẹ́ ẹ lọ̀ fúnra yín tàbí tẹ́ ẹ rà ní lílọ̀, là ń sọ níbí. Èyí tó máa ń yòrò tán sínú omi kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti sè é, wọ́n sì ti mú un gbẹ kó tó dé ọwọ́ yín, omi gbígbóná nìkan ló kù.

## Ohun mẹ́ta tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé omi kaná

Ìwọ̀n. Gíráàmù 60 kọfí fún lítà omi kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe máa rí nìyí:

- Mílílítà 250 omi (ife kan): gíráàmù 15
- Mílílítà 500: gíráàmù 30
- Lítà 1: gíráàmù 60

Mílílítà omi kan wọn gíráàmù kan, nítorí náà òṣùwọ̀n kékeré kan ṣoṣo tó fún omi àti kọfí. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ṣíbí ńlá kan (èyí tó ń gba mílílítà 15) tẹ́ ẹ gé orí ẹ̀ kó tẹ́jú máa ń gba nǹkan bíi gíráàmù 5. Ẹ má gbọ́kàn lé ṣíbí jù o. Kọfí tí wọ́n yan títí tó fi dúdú máa ń fúyẹ́ ju èyí tí wọ́n yan díẹ̀ lọ, nítorí náà ṣíbí mẹ́ta tòní lè má wọn tó ṣíbí mẹ́ta ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bó ṣe kúnná tó. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Bí kọfí bá ṣe kúnná tó ni omi ṣe ń tètè fa adùn rẹ̀ jáde tó. Èyí tó máa pẹ́ nínú omi gbọ́dọ̀ jẹ́ hóró-hóró, èyí tí kò ní pẹ́ gbọ́dọ̀ kúnná:

- Hóró-hóró bí iyọ̀ tí wọn ò tíì lọ̀: French press (ìgò tó ní ọ̀pá àti asẹ́ onírin tí wọ́n ń tì sísàlẹ̀), kọfí inú omi tútù
- Bí iyanrìn: bébà asẹ́
- Bí iyọ̀ tó kúnná: ìkòkò moka, AeroPress (ike gbọọrọ tó ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti kọfí gba inú bébà jáde)
- Lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun: cezve, ìyẹn ìkòkò kọfí ti àwọn ará Tọ́kì

Ẹ̀rọ ìlọkọfí tó ní ọlọ irin méjì tí kọfí ń gba àárín wọn kọjá ló dáa jù, torí gbogbo hóró rẹ̀ ló máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tó ní abẹ tó ń yí máa ń sọ apá kan di lẹ́búlẹ́bú, á sì fi apá kan sílẹ̀ ní ègé ńlá. Ti lẹ́búlẹ́bú á korò, ti ègé ńlá á kan, inú ife kan náà ni méjèèjì sì máa wà. Bó bá jẹ́ alábẹ lẹ ní, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì-mẹ́ta, ẹ dúró, ẹ mì í, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré jọ lẹ́búlẹ́bú tó pọ̀ jù kúrò.

Omi. Ìwọ̀n ooru 90 sí 96 °C ló bá ọ̀pọ̀ kọfí mu. Bí ẹ ò bá ní ohun tẹ́ ẹ lè fi wọn ooru, ẹ jẹ́ kí omi hó, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan. Kọfí tí wọ́n yan díẹ̀ fẹ́ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán. Èyí tó dúdú tó ń dán fẹ́ omi tó rọlẹ̀ díẹ̀, 85 sí 90 °C. Tí omi bá ń rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, inú kọfí lẹ máa ti gbọ́ òórùn náà. Ẹ fi asẹ́ omi sẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó lò ó. Àmọ́ ẹ má lo omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀ kúrò. Omi nílò ìwọ̀nba èròjà kó tó lè fa adùn kọfí jáde dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

- Kọfí tó ṣì ń ta sánsán
- Òṣùwọ̀n, tàbí ṣíbí kan tẹ́ ẹ ń lò nígbà gbogbo
- Aago (ti fóònù tó)
- Ife tẹ́ ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn

## Ọ̀nà 1: Láìní irinṣẹ́ kankan

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí kọfí kan ṣe rí gan-an. Àwọn tó ń tọ́ kọfí wò fún iṣẹ́ náà kì í lò ju ife, omi gbígbóná àti ṣíbí lọ.

1. Ẹ da kọfí gíráàmù 12 tó rí bí iyanrìn sínú ife.
2. Ẹ da omi mílílítà 200 lé e, kí gbogbo rẹ̀ rin.
3. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 4. Kọfí á kó jọ sókè bí èèpá.
4. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ro òkè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á rì.
5. Ẹ fi ṣíbí kó ìfòfó tó ṣẹ́ kù kúrò.
6. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 4 sí 5 sí i kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra mu ún. Ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni gbígbé kọfí àti omi pa pọ̀ sórí iná kí wọ́n máa hó. Òórùn dídùn á bá ooru lọ, ìkorò á ṣẹ́ kù.

## Ọ̀nà 2: French press

Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, tó sì fẹ́ kọfí tó ki, èyí ló yẹ kó rà.

1. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan ìgò rẹ̀, kẹ́ ẹ dà á nù.
2. Ẹ da kọfí gíráàmù 30 sí i, hóró-hóró.
3. Ẹ da omi mílílítà 500 lé e lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì tẹ aago.
4. Ní ìṣẹ́jú 4, ẹ ro èyí tó léfòó sókè, ẹ jẹ́ kó rì, ẹ kó ìfòfó kúrò.
5. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 sí i. Ọ̀pọ̀ kì í ní sùúrù dé ibí yìí, ìdí nìyẹn tí kọfí wọn fi máa ń kún fún iyẹ̀pẹ̀.
6. Ẹ ti ọ̀pá rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Tí asẹ́ rẹ̀ bá ti kan ojú kọfí, ó tó.
7. Ẹ dà á sínú ife tàbí sínú kẹ́tùlù míì lójú ẹsẹ̀.

Ìkìlọ̀: Bí ọ̀pá náà bá le, ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́. Ohun tó fa á ni pé kọfí ti kúnná jù, ó ti di asẹ́. Ìgò lè fọ́, omi gbígbóná sì lè tú sí yín lára. Ẹ fa ọ̀pá sókè díẹ̀, ẹ dúró, kẹ́ ẹ tún rọra tì í.

Ẹ má sì fi kọfí sílẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ́ ẹ fẹ́ padà wá bu ife kejì. Omi kò mọ̀ pé ẹ ti tẹ ọ̀pá. Ó ṣì ń fa ìkorò jáde ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀. Asẹ́ onírin máa ń jẹ́ kí òróró kọfí kọjá, èròjà kan tó ń jẹ́ cafestol sì wà nínú òróró yìí tó máa ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lọ sókè. Bébà máa ń mú púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ dúró. Bọ́rọ̀ yìí bá kàn yín, ọ̀nà tó kàn yìí ni kẹ́ ẹ máa lò.

## Ọ̀nà 3: Bébà asẹ́

Òun ló gba ọwọ́ jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì ń fi adùn kọfí hàn kedere jù. V60 ni àpẹẹrẹ tó lókìkí: àrọ kan tó ní ihò kan nísàlẹ̀, tí wọ́n ń gbé sórí ife.

1. Ẹ ká etí bébà níbi tí wọ́n ti rán an, ẹ tẹ́ ẹ sínú àrọ, kẹ́ ẹ da omi gbígbóná gba inú rẹ̀. Òórùn bébà á lọ, àrọ á sì gbóná. Ẹ da omi inú ife nù.
2. Ẹ da kọfí gíráàmù 20 sí i, ẹ mì í kó tẹ́jú. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ dá a padà sí 0.
3. Ẹ tẹ aago, ẹ da omi gíráàmù 40 lé e. Ẹ dì í mú kẹ́ ẹ rọra yí i, kí ibì kankan má ṣe gbẹ.
4. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45. Kọfí á wú, á sì máa ta pọ́tọ́pọ́tọ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n yan án ló ń jáde. Tẹ́ ẹ bá da omi mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ yìí tó lọ, kò ní jẹ́ kí omi ráyè wọlé.
5. Ẹ máa da omi láti àárín bọ̀ síta, kẹ́ ẹ máa yípo. Nígbà tí aago bá fi máa pé 1:15, kí òṣùwọ̀n ti wà ní 180.
6. Ẹ dà á dé 250, kẹ́ ẹ wá dà á dé 320. Kẹ́ ẹ parí dídà nígbà tí aago bá wà ní nǹkan bíi 2:00.
7. Ẹ rọra yí àrọ lẹ́ẹ̀kan kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀.
8. Omi yẹ kó sẹ́ tán láàárín 2:45 sí 3:30. Tó bá ku kó máa kán tó-tó-tó, ẹ gbé àrọ kúrò.

Ẹ wá wo inú bébà, torí ohun tó wà níbẹ̀ á sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe sí. Tí kọfí inú rẹ̀ bá tẹ́jú, ó dáa. Tí ihò bá wà láàárín, ojú kan lẹ dúró sí da omi. Tí púpọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ lókè, omi kò fọwọ́ kan apá yẹn tó. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dídán ló wà lókè rẹ̀, kọfí ti kúnná jù, tàbí kó jẹ́ pé ẹ rò ó jù.

Kí omi má ṣe máa kan bébà fúnra rẹ̀. Omi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kò gba inú kọfí kọjá, ńṣe ló kàn máa lọ là á.

Nípa aago: bó bá sẹ́ tán kó tó pé ìṣẹ́jú méjì, ẹ lọ kọfí kúnná sí i. Bó bá kọjá mẹ́rin, ẹ dín kíkúnná rẹ̀ kù. Chemex (ìgò kan tí òkè rẹ̀ rí bí àrọ) náà ń lo bébà, ṣùgbọ́n bébà tirẹ̀ nípọn ju ti V60 lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí kọfí ibẹ̀ túbọ̀ jẹ́ hóró-hóró.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ ní tútù lójú ẹsẹ̀, ẹ kó yìnyín gíráàmù 120 sínú ife, kẹ́ ẹ sì dín omi gbígbóná kù sí 200. Kọfí kò yí padà, 20 náà ni.

## Ọ̀nà 4: Ìkòkò moka

Apá mẹ́ta ló ní: ìsàlẹ̀ tí omi ń wà, agbọ̀n kékeré tí kọfí ń wà, àti òkè tí kọfí ń jáde sí. Ooru ló ń ti omi gba inú kọfí gòkè.

1. Ẹ da omi tó ti gbóná sí ìsàlẹ̀. Kó má ṣe kọjá fáàfù kékeré tó wà lára rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo omi tútù, kọfí á ti máa jóná lórí ooru kí omi tó hó.
2. Ẹ da kọfí kún agbọ̀n dé ẹnu, ẹ gé orí ẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
3. Ẹ nu ẹnu agbọ̀n. Hóró kan tó bá há síbẹ̀ á jẹ́ kí ooru máa jò jáde.
4. Ẹ fi aṣọ di ìsàlẹ̀ mú, ẹ yí òkè mọ́ ọn kó le dáadáa.
5. Ẹ gbé e ka iná díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí.
6. Kọfí dúdú ló máa kọ́kọ́ jáde. Bó bá ti ń di àwọ̀ oyin, tó sì ń pariwo, ẹ gbé e kúrò. Ẹ fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ omi tútù kó lè dúró.

Ìkìlọ̀: Fáàfù yẹn ló ń dáàbò bò yín. Bí kọfí tàbí èèpá omi bá di í, agbára ooru kò ní ríbi gbà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbé ìkòkò náà ka iná láìsí omi, ẹ má sì gbìyànjú láti ṣí i nígbà tó ṣì gbóná.

Ìkòkò tí wọ́n ṣe fún ife mẹ́fà, ife mẹ́fà ni kẹ́ ẹ máa fi sè. Bí agbọ̀n kò bá kún, omi á sáré gba ibi tó ṣófo kọjá.

## Ọ̀nà 5: AeroPress

Ó yá, kì í fọ́, ó sì rọrùn láti fọ̀.

1. Ẹ fi bébà sínú ìdérí, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ yí i mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbé e sórí ife tó lágbára.
2. Kọfí gíráàmù 15, omi mílílítà 220.
3. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ ki ọ̀pá bọ ẹnu rẹ̀ kó má bàa máa kán.
4. Ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ṣìì, ẹ dúró.

Àwọn kan máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi má bàa tètè jò. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ti jó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń yí i padà. Èyí tá a kọ sókè yìí tó yín.

## Ọ̀nà 6: Cezve

Ìkòkò kékeré tó ní ọwọ́ gígùn ni. Kọfí lẹ́búlẹ́bú nìkan ló gbà. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè lọ̀ ọ́ dé ibẹ̀, ẹ rà á ní lílọ̀.

1. Fún ife kékeré kan: omi tútù mílílítà 70, kọfí gíráàmù 7. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣúgà, ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ fi sí i.
2. Ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ má tún kan ṣíbí mọ́ ọn.
3. Ẹ gbé e ka iná tó kéré jù. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀.
4. Ìfòfó á máa ga díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Kó tó bo àárín tán, ẹ gbé e kúrò. Bó bá hó, ìfòfó á tú ká, kọfí á sì korò.
5. Ẹ dà á sínú ife, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2 kí lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀.

## Ọ̀nà 7: Kọfí inú omi tútù

1. Kọfí gíráàmù 100, hóró-hóró, omi tútù mílílítà 800, nínú ìgò tó mọ́.
2. Ẹ rò ó, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí 12 sí 16.
3. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún fi bébà sẹ́ ẹ.
4. Ẹ fi omi, yìnyín tàbí mílíìkì là á: ìdajì kọfí, ìdajì omi.

Kíkan rẹ̀ kò pọ̀, ìkorò rẹ̀ náà kò sì pọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn èèyàn mu ún bí omi. Ẹ ṣọ́ra. Ó le gan-an kẹ́ ẹ tó là á. Mílígíráàmù 400 kaféènì (èròjà inú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn) lóòjọ́ ni wọ́n sọ pé àgbàlagbà tára rẹ̀ dá má ṣe kọjá, 200 sì ni fún aláboyún. Ẹ má fi í sílẹ̀ síta, torí ooru kò pa kòkòrò kankan nínú rẹ̀. Ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ lè béèrè pé espresso, ìyẹn kọfí díẹ̀ tó ki gan-an, dà. Ẹ̀rọ tó lè fi agbára 9 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí nǹkan fi ń tì) ti omi ló ń ṣe é: gíráàmù 18 kọfí wọlé, gíráàmù 36 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Ìkòkò moka kò ní agbára yẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

## Bó bá kan, bó bá korò

Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá yí mẹ́ta padà, ẹ ò ní mọ èyí tó tún un ṣe.

- Ó kan, kì í sì í pẹ́ lẹ́nu: ẹ lọ̀ ọ́ kúnná sí i. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo omi tó gbóná sí i, tàbí kẹ́ ẹ fi àkókò kún un.
- Ó korò, ó sì ń gbẹ ahọ́n: ẹ dín kíkúnná kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín ooru omi kù.
- Ó dùn, àmọ́ ó dà bí omi: ẹ fi kọfí kún un. Ẹ má fi àkókò kún un.
- Ó dùn, àmọ́ ó le jù: ẹ sè é bẹ́ ẹ ṣe ń sè é, kẹ́ ẹ wá fi omi gbígbóná là á nínú ife.
- Ó kan, ó tún korò: lílọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ̀rọ ìlọkọfí ni kẹ́ ẹ wò.
- Kò ní adùn kankan, kò sì wú nígbà tẹ́ ẹ da omi sí i: ó ti pẹ́ jù. Kò sí ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà sè é tó máa dá òórùn rẹ̀ padà.

## Ìtọ́jú

Ẹ tọ́jú kọfí sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, níbi tó ṣókùnkùn tí kò sì gbóná. Ẹ má gbé èyí tẹ́ ẹ ń ṣí lójoojúmọ́ sí fíríìjì, torí ó máa fa omi àti òórùn oúnjẹ míì mọ́ra. Kẹ́ ẹ lọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ lò lẹ́sẹ̀ kan náà nìkan. Èyí tẹ́ ẹ ti lọ̀ kì í pẹ́ kí òórùn rẹ̀ tó lọ.

Bí ohun gbogbo bá tọ́ tí kọfí ṣì ń rùn bí òróró àtijọ́, inú irinṣẹ́ ni ọ̀ràn wà. Òróró kọfí máa ń lẹ̀ mọ́ asẹ́ onírin àti inú ẹ̀rọ ìlọkọfí, ó sì máa ń bàjẹ́ síbẹ̀. Ẹ tú asẹ́ French press sí wẹ́wẹ́ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ṣàn wọ́n títí òórùn ọṣẹ á fi lọ. Ẹ̀rọ ìlọkọfí ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rí omi: ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó gbẹ gbá inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ nu ọlọ rẹ̀.